Bí Aṣòfin Wa Kò Bá Ṣe Gọ́tà, Kí Ni Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ṣàgámù, tó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò rẹ̀, ló kọ lẹ́tà yìí sí mi: "Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Gọ́tà kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì, tí agbaṣẹ́ṣe sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù wa ni omi ń wọ̀. A lọ bá ọmọ wa tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ó ní aṣòfin kì í ṣe gọ́tà, iṣẹ́ gómìnà ni. Ṣùgbọ́n nígbà ọdún, òun náà ló pín ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ fún wa. Bí kì í bá ṣe gọ́tà, kí wá ni iṣẹ́ tí ìjọba ń torí rẹ̀ sanwó fún un? Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n ti ilé aṣòfin pa, kí wọ́n fi owó ibẹ̀ ṣe ọ̀nà. Àwọn àgbà ní kí a máa dúpẹ́ pé òun àti gómìnà mọwọ́ ara wọn, pé ibi tí aṣòfin bá ti ń bá gómìnà jà, àwọn ará ibẹ̀ ni ìyà ń jẹ. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ohun tí ẹ béèrè ju ọ̀rọ̀ gọ́tà lọ. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí agbára aṣòfin ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, àti ohun tó yẹ kí ẹ fi díwọ̀n ẹni tí ẹ dìbò fún. Iṣẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni mo ṣe ní ilé aṣòfin kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti jókòó ti oríṣiríṣi aṣòfin, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mowó àti àwọn tí kò tilẹ̀ ṣí ìwé òfin wò rí. Èrò mi ni pé aṣòfin yín sọ òtítọ́ kan fún yín, ó sì fi èyí tó ṣe pàtàkì jù pamọ́. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe òun ló ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Ṣùgbọ́n òun ni òfin fún láṣẹ láti béèrè ibi tí owó iṣẹ́ náà gbà lọ, kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Àṣẹ yìí kò sí lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin, kò sì sí lọ́wọ́ kábíyèsí pàápàá.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni gọ́tà náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti máa ń ṣìnà. Nínú àfikún kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó àti gọ́tà wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Àwọn ọ̀nà kan jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Àwọn ọ̀nà ńlá, bíi èyí tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn àti èyí tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn aṣòfin náà pín bẹ́ẹ̀: kánsẹ́lọ̀ ní káńsù, ọmọ ilé 26 ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ní Abẹ́òkúta, aṣojú 360 àti sẹ́nétọ̀ 109 ní Abuja. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn gbé ẹ̀sùn gọ́tà káńsù lọ fún sẹ́nétọ̀, tí wọ́n sì gbé ẹ̀sùn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ lọ fún kánsẹ́lọ̀, tí oníkálukú sì rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Bí gọ́tà yín bá jẹ́ ti káńsù, "iṣẹ́ gómìnà ni" kì í ṣe èsì tó pé. Bó bá sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀, a jẹ́ pé iwájú aṣòfin yín gan-an ni owó rẹ̀ ti kọjá.

Abala 4, 5 àti 6 ìwé òfin náà ló pín agbára ìjọba. Abala 4 fi agbára ṣíṣe òfin sí ọwọ́ àwọn ilé aṣòfin, abala 5 fi agbára mímú òfin ṣẹ sí ọwọ́ ààrẹ àti àwọn gómìnà, abala 6 sì fi agbára ìdájọ́ sí ọwọ́ àwọn ilé-ẹjọ́. Montesquieu, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere jù ní ọdún 1748 pé bí agbára ṣíṣe òfin àti agbára mímú un ṣẹ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, òmìnira ará ìlú ti bọ́. Kì í ṣe ohun tó ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó jọ. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń yẹ ìwé wò, ẹni tó ń yẹ ìwé wò kọ́ ló sì ń parí ẹjọ́ bí owó bá dín. Kì í ṣe nítorí pé akápò jẹ́ olè ni ẹgbẹ́ ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá di gbogbo rẹ̀ mú, àti olóòótọ́ àti olè, kò sí ẹni tó máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé wọ́n mọ odi sí àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ èkíní kan èkejì. Bí ilé aṣòfin bá ṣe àbádòfin, gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Bó bá kọ̀, ilé lè sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá fara mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ ènìyàn 18 nínú 26 ti Ògùn. Gómìnà ló ń yan kọmíṣánnà, ilé ló ń fi òǹtẹ̀ lù ú. Gómìnà ló ń yan adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ orílẹ̀-èdè ló ń dá a lábàá, ilé aṣòfin ló sì ń gbà á wọlé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé òfin tí àwọn méjèèjì jọ ṣe bó bá tako ìwé òfin. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò yẹ kí aṣòfin dá sí iṣẹ́ gómìnà nítorí pé a ti pín agbára, ẹ sọ fún un pé nítorí kí wọ́n lè dá sí ti ara wọn ni a ṣe pín in.

Èyí tí àwọn ará ìlú kò mọ̀ tó, tó sì kan gọ́tà yín jù lọ, ni ọ̀rọ̀ owó. Bí a bá ti gbọ́ "aṣòfin", ọkàn wa a lọ sí òfin nìkan, àwa a máa ka iye àbádòfin tí ẹnì kan gbé wá bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Abala 120 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú owó kúrò nínú àpò ìpínlẹ̀ àfi bí ìwé òfin fúnra rẹ̀ tàbí òfin tí ilé aṣòfin ṣe bá gbà á láàyè. Abala 121 ní kí gómìnà gbé ìṣúná ọdún wá síwájú ilé kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Abala 128 àti 129 fún ilé lágbára láti ṣe ìwádìí, láti pe ẹnikẹ́ni tó ń náwó ìjọba wá sọ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ gbé e wá bó bá kọ̀. Òfin tilẹ̀ dárúkọ ohun tí ìwádìí náà wà fún: láti tú ìwà ìbàjẹ́, àìmọṣẹ́ àti ìfowóṣòfò síta. Bí a bá yọ iṣẹ́ yìí kúrò, ohun tó ṣẹ́kù fún ilé aṣòfin kò tó ohun tí à ń náwó lé lórí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nínú yàrá ìgbìmọ̀. Bí ọdún bá ń parí lọ, kọmíṣánnà kọ̀ọ̀kan a wá pẹ̀lú akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọ̀gá ẹ̀ka, wọn a kó fáìlì dání, wọn a wá gbèjà ìṣúná wọn. Ìyá aṣòfin kan wà tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí. Bí kọmíṣánnà ti ń ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìyá yìí kò gbójú sókè. Ó tẹ́ ìwé ìṣúná ọdún náà àti ti èṣí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kan, ó ń fà á sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kọmíṣánnà parí, ó béèrè pé afárá kékeré kan tí ìjábọ̀ èṣí ní wọ́n ti parí, kí ló tún ń wá nínú tọdún yìí, pẹ̀lú iye owó kan náà, kọ́bọ̀ kò yàtọ̀? Akọ̀wé àgbà ṣí fáìlì, ó pa á dé, ó pe ọ̀gá ìṣirò owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n padà wá, wọ́n ní àṣìṣe ẹni tó tẹ ìwé ni. Ìyá ní kò burú, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì mú fọ́tò afárá tí wọ́n parí wá lọ́la. Wọ́n yọ ọ́. Kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, àwọn tó dìbò fún un kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ títí di òní, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ilé mìíràn tó pín ọ̀kadà ní ọ̀sẹ̀ kan náà gba ìlù àti ijó ní ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí síbẹ̀, nítorí pé owó tí ìlà kan yẹn ìbá gbé lọ lè ra ọ̀kadà fún odidi ẹkùn.

Ìgbà tí owó bá ti jáde tán ni iṣẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀. Abala 125 ní kí ọdítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ yẹ gbogbo ìwé owó wò, kí ó sì fi ìjábọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin, kì í ṣe sí gómìnà, láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó bá ti gba ìṣirò ọdún náà lọ́wọ́ akáúńtáǹtì àgbà. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó ìlú nínú ilé ló yẹ kó mú ìjábọ̀ náà ní ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, kó pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìjábọ̀ yìí gan-an ló máa ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ tí kò parí. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dé, bó bá sì dé, ìgbà mìíràn wà tí ìdìbò tuntun ti kó ìdajì ọmọ ilé lọ, tí àwọn tuntun kò sì mọ ohun tí wọ́n ń kà. Bí mo bá ní kí n dárúkọ ibì kan ṣoṣo tí agbára ilé aṣòfin ti ń jò dànù ní ìpínlẹ̀ wa gbogbo, ibẹ̀ ni máa nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Wọn kò purọ́. Wọ́n ti rí ohun tí ìjà ń fà. Ilé aṣòfin Ògùn tiwa yìí pín sí méjì ní ọdún 2010, ọmọ ilé 15 ní ìhà kan, 11 ní ìhà kejì, ìjókòó sì dàrú títí wọ́n fi ti ilé náà pa. Iṣẹ́ ìlú dúró ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè fi pe ìyẹn ní ìjọba rere. Àmọ́ ohun tí mo rí láti orí àga mi ni pé ìrẹ́pọ̀ àti ìbéèrè lè jọ wà. Àwọn aṣòfin kan wà tí wọ́n ń jẹun pẹ̀lú gómìnà lálẹ́, tí wọ́n sì ń yọ ìlà kúrò nínú ìṣúná rẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní mímọwọ́ ara ẹni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ni pé kí ìṣúná wọlé lọ́jọ́ Ajé, kí abẹnugan béèrè pé ṣé ilé fara mọ́ ọn, kí wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kó di òfin kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò sí ìjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka ìwé náà pẹ̀lú.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, mo mọ ìbínú wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n a ti ti ilé aṣòfin pa rí ní ilẹ̀ yìí. Láti January 1966 dé 1979, àti láti ìparí 1983 dé May 1999, ológun ló ṣe ìjọba wa, àfi ìwọ̀nba àkókò ní 1992 àti 1993 tí a ní ilé aṣòfin tó wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó ń ná owó náà ló ń ṣe òfin. Ní ọdún 1970, nínú ẹjọ́ Lakanmi, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìjọba kò lè jókòó kọ òfin tó dárúkọ ènìyàn kan kí ó sì gba dúkìá rẹ̀, nítorí pé ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe òfin, ìdájọ́ sì jẹ́ ti adájọ́. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba ológun fi gbé Dìkírì 28 ti ọdún kan náà jáde, tí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ di asán. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò tíì bí nígbà náà. Wọ́n lè máà mọ̀ pẹ̀lú pé ilé aṣòfin àgbà kan náà tí à ń bú ló da àtúnṣe òfin tó fẹ́ fún ààrẹ ní àǹfààní sáà kẹta nù ní ọjọ́ 16 oṣù May, 2006. Ọ̀nà kò lè fún wa ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Owó tí ilé aṣòfin ń ná pọ̀ jù, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì yẹ kí a dín in kù, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ènìyàn rí i. Èyí yàtọ̀ sí kí a tì í pa.

Àwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé òyìnbó ló kọ́ wa pé kí a má fi agbára gbogbo sí ọwọ́ ẹnì kan. Awùjalẹ̀ kì í dá nìkan ṣe ìlú ní ayé àtijọ́. Àwọn Ìlámùrẹ́n, ìyẹn àwọn ìjòyè ńlá, wà, ẹgbẹ́ Pàmpá ń gba ẹnu àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀, Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, pẹ̀lú àwọn Ìwàrẹ̀fà tó jẹ́ olórí rẹ̀ sì lágbára tí ọba kò lè fojú di. Mi ò ní pọ́n ọn jù bó ti yẹ: Òṣùgbó ń dájọ́, ó sì tún ń bá wọn gbèrò òfin, ìmùlẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà kì í ṣe pínpín agbára bí ìwé òfin òde òní ṣe là á kalẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ìdíwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ agbára. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ìṣàkóso wọn kó ọ̀pọ̀ agbára jọ sí ọ̀dọ̀ ọba, ọba sì ń jíhìn fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ìdíwọ̀n ti inú ilé rọ, ti òde ló rọ́pò rẹ̀. Mo gbà pé àṣà kí a máa bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wà lórí àléfà dípò kí a bi í léèrè ní gbòǹgbò níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ètò ìjọba ààrẹ tí a mú wá láti Amẹ́ríkà ní 1979 ni àrùn náà, pé kí a padà sí ti ìgbà Awólọ́wọ̀, nígbà tí olórí ìjọba àti àwọn mínísítà jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin fúnra wọn. Ní February 2024, aṣojú 60 ní Abuja gbé àbádòfin wá láti béèrè irú èyí. Ó ní ẹwà tirẹ̀: mínísítà a máa dúró nínú ilé lójúkojú kí wọ́n bi í léèrè, owó ìdìbò sì lè dín kù. Ṣùgbọ́n ètò yẹn náà ló wó lé wa lórí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù May, 1962. Ọmọọba Adélékè Adédoyìn, ọmọ Rẹ́mọ, ni abẹnugan lọ́jọ́ náà. Àwọn aṣòfin ju àga, wọ́n fa ọ̀pá àṣẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká, kí oṣù náà tó parí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì lórí gbogbo ìwọ̀-oòrùn. Ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn, tó wà ní London nígbà náà, dá Alhaji Dauda Adégbénró, ẹni tí gómìnà fi rọ́pò Olóyè Akíntọ́lá gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba ìwọ̀-oòrùn, láre ní 1963, àwọn tó wà nípò sì yí òfin padà sẹ́yìn kí ìdájọ́ náà má bàa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà rí i pé ètò tó dára kò lè dá dúró bí àwọn tó ń lò ó kò bá gbà kí ilé-ẹjọ́ borí wọn. Ní tèmi, mi ò rí i pé yíyí ètò padà ló máa parí gọ́tà yín.

Ilé aṣòfin náà lè kọjá àyè rẹ̀, kí n sọ ìyẹn kí ẹ má bàa rò pé apá kan ni mo wà. Ní January 2006, ọmọ ilé 18 nínú 32 ní Ọ̀yọ́ yọ Gómìnà Ládọjà nípò, nígbà tó jẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè, tí í ṣe 22, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣe ìpàdé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a padà sórí àga ní oṣù December ọdún náà. Ó gbà tó oṣù mọ́kànlá.

Kí ló dé tí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í fi í béèrè bó ti yẹ? Owó ni àkọ́kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ gómìnà ni owó ilé aṣòfin ti ń wá, bí ó bá sì wù ú ló ń tú u sílẹ̀. Ní 2018, wọ́n tún abala 121 ṣe kí owó ilé aṣòfin àti ti ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ àti ti ilé aṣòfin ní láti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti April títí wọ inú June 2021 nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò mú un ṣẹ. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni èkejì: gómìnà ni olórí ẹgbẹ́ nínú ìpínlẹ̀, bí aṣòfin bá mú un bínú, tíkẹ́ẹ̀tì ìdìbò tó ń bọ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni àwa, ìyá wa, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fi ọdún kan ka ìwé ọdítọ̀, kò ní ohun tó lè gbé sórí tábìlì níwájú wa. Ẹni tó pín ìrẹsì ní. Mi ò dá ẹni tí ebi ń pa lẹ́bi pé ó gba ìrẹsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ lè sọ ọmọbìnrin kan di ẹni tó ń bọ́ ara rẹ̀, mo sì ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ gbà á, kí ẹ sì béèrè èyí tó kù. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò kì í ṣe owó aṣòfin: inú ìṣúná ni wọ́n wà, ilé-iṣẹ́ ìjọba ló sì yẹ kó ṣe wọ́n, orúkọ aṣòfin tó wà lára bọ́ọ̀dù kò sọ ọ́ di ẹ̀bùn.

Ohun tí mo máa ṣe ní ipò yín nìyí. Kí ẹgbẹ́ yín kọ́kọ́ kọ̀wé sí káńsù àti sí ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní ìpínlẹ̀, kí ẹ béèrè ẹni tó gbé iṣẹ́ gọ́tà náà síta, iye tí wọ́n gbé e jáde, àti iye tí wọ́n ti san. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún yín láṣẹ, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ti là á yékéyéké ní 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ káńsù, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá kánsẹ́lọ̀ yín, nítorí pé láti ìgbà ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù July, 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé gómìnà kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mímú un ṣẹ ṣì ń fà. Bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí abẹnugan nípasẹ̀ aṣòfin yín, kí ẹ mẹ́nu ba ìlà inú ìṣúná náà gan-an, kí ẹ fi fọ́tò sí i, kí ẹ sì ní kí ó kà á nínú ilé. Ìwé tó sọ pé "ìjọba, ẹ gbà wá" máa ń sùn sínú fáìlì. Èyí tó ní iye owó àti ojú ewé ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ kì í lè fi pamọ́. Ẹ lọ sí ìjókòó gbogbogbòò bí wọ́n bá pe ọ̀kan lórí ìṣúná. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo jókòó sí, àga àwọn ará ìlú ló ṣófo.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ pe aṣòfin náà padà sílé. Abala 110 gbà yín láàyè, ṣùgbọ́n ó béèrè ìbuwọ́lù ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà, lẹ́yìn náà àjọ elétò ìdìbò a tún ṣe ìdìbò lórí rẹ̀ láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí sẹ́nétọ̀ kan ní Kogi ní 2018, àwọn tó jáde wá jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù wọn kò ju nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é, àmọ́ agbára yín á wúlò jù níbòmíràn. Ilé-ẹjọ́ náà ṣí sílẹ̀, ó sì lọ́ra, ó sì gba owó. Bí èsì tí ẹ gbà bá wá fi hàn pé wọ́n ti san owó gọ́tà náà tán, nígbà tí gbogbo ojú rí i pé ìdajì ló wà níbẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó ìlú nínú ilé aṣòfin, ọ̀kan fún ọdítọ̀ àgbà, ọ̀kan fún ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, tó ti ń tọpinpin irú iṣẹ́ báyìí láti 2019. Kí ẹ gba ìbuwọ́lù àti déètì lórí ẹ̀dà tí ẹ mú padà sílé.